Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ tó fẹ́ dá wọkọ̀ lọ sí Accra

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí fọ́tò báàgì tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Háà! Bàtà mẹ́ta ni mo kà tí o so mọ́ ọn lára, ìkòkò kékeré kan sì ń rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀. Ta lo fẹ́ dáná fún ní Lomé? Mi ò ní kí o má lọ o. O ti tó ọmọ tí í dá ìrìn àjò lọ, àwọn tó bí wa náà kò sì jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ ẹrù nìkan ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Láti Ìbàdàn dé Accra, o máa wọ ọkọ̀, o máa bọ́ sílẹ̀, o máa tún wọ òmíràn, bodè mẹ́ta ló sì wà lójú ọ̀nà. Gbogbo ibi tí o bá ti sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ ni ẹnìkan á ti fẹ́ bá ọ gbé e. Ẹni tó bá sì gbé ẹrù rẹ, òun ni o máa tẹ̀ lé, bó o fẹ́, bó o kọ̀.

Nítorí náà, kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì lónìí, kí o gbé e gun àtẹ̀gùn ilé yín dé òkè pátápátá, kí o tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bá ọ dì í mú. Bí o bá ní láti sinmi láàrin, yọ nǹkan kúrò. Ìkòkò yẹn ni kí o kọ́kọ́ yọ.

Reluwé ni kí o wọ̀ dé Èkó. Mo mọ̀ pé Mọníyà jìn, owó táàsì débẹ̀ á sì dùn ọ́, ṣùgbọ́n láti 2021 tí reluwé yẹn ti ń gbé èrò, mi ò tíì rí ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà náà tí ẹrù ti ń rí àyè tirẹ̀ lókè orí ẹni tí kò sí ẹni tó máa bínú. Èbúté Mẹ́ta ló máa já ọ sí. Láti ibẹ̀, Mile 2 lò ń lọ. Bí o bá lè dé ìdúró National Theatre, reluwé Blue Line á gbé ọ dé Mile 2 láìsí gó-sílóò, ṣùgbọ́n wá káàdì Cowry sọ́wọ́, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ èrò níbẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ dáńfó ni, má gbé báàgì sẹ́yìn wọlé. Àwọn tó jókòó á fi orí gbà á, o ó sì gbọ́ ohun tí kò yẹ kí o gbọ́ láàárọ̀. Bọ́ ọ nílẹ̀, gbé e sí àyà, kí o fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Kọ̀ńdọ́ á ní ẹrù yìí máa sanwó. Má bá a jà, ná an. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí o bá ń ná an o! “Èmi àti ẹrù mi, èló ni?” Há gbólóhùn yẹn sórí. Bí o bá ti jókòó tán, tí mọ́tò ti gbéra, iye tó bá wù ú ló máa pè, àwọn èrò tó kù á sì máa sọ pé kí o fún un jàre, àwọn ń kánjú.

Mile 2 gan-an ló le jù nínú gbogbo ìrìn yìí, mi ò ní tàn ọ́. Kó o tó sọ̀ kalẹ̀, ẹnìkan ti di okùn báàgì rẹ mú, ẹlòmíràn ń ké “Kútọnu! Kútọnu! Ó ku ẹnìkan!” Ẹnìkan yẹn lè tó márùn-ún o. Dúró gbọin, kí ọwọ́ rẹ wà nínú okùn báàgì, kí o sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀, mo ti rí mọ́tò mi.” Má sáré tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn mọ́tò kì í sábà pa dé níbẹ̀, okùn ni wọ́n fi ń so ó. Dúró kí o rí i pé tìrẹ wà ní inú lọ́hùn-ún, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé màá ki báàgì bọ inú àpò ìrẹsì, màá sì so ó lẹ́nu. Eruku kò ní bà á jẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé báàgì olówó ló wà nínú rẹ̀. Má lo Ghana-must-go. Síìpù rẹ̀ kì í pẹ́ já, àti pé, jọ̀ọ́, kì í ṣe báàgì téèyàn ń gbé lọ kí àwọn ará Gánà. Orúkọ yẹn kò ṣẹ̀yìn 1983 tí ìjọba wa lé wọn padà sílé. Àwọn náà ti kọ́kọ́ ṣe tiwọn ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọjọ́ 14 péré láti wá ìwé tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. O mọ̀ bó ṣe kan àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa tó ń gbé ní Gánà nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí àwo tánganran Ìyá Àgbà ò fi pé: èyí tí orí wọn lè rù nìkan ni wọ́n rù.

Ìwé ìrìnnà, káàdì yẹ́lò (ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú), owó àti oògùn rẹ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀yìn mọ́tò láéláé. Báàgì kékeré lábẹ́ apá ni tiwọn.

Ní Seme, bodè àwa àti Benin, lóòótọ́ ni pé láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Èèyàn ni wọ́n ń wí, ẹrù rẹ ṣì máa yanu fún aṣọ́bodè. Já gbogbo káàdì iye owó kúrò lára aṣọ tuntun kí wọ́n má baà pè ọ́ ní oníṣòwò. Bí o bá gba ẹni tó ń ti bárò, ẹ̀gbẹ́ bárò ni kí o máa rìn, má rìn lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Kútọnu, ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan ló pọ̀ jù. Má gbé báàgì yẹn sẹ́yìn gun ọ̀kadà, bí ọlọ́kadà bá tẹ iná báyìí, á fà ọ́ ṣubú sẹ́yìn. Fún un, á gbé e síwájú ara rẹ̀, lórí táńkì, láàrin apá méjèèjì. Gùn ún láti ọwọ́ òsì, nítorí apá ọ̀tún ni sáléńsà sábà máa ń wà, ó sì máa ń jó èèyàn ní ojúgun. Bí Faransé bá há ọ lẹ́nu, fi Yorùbá kí wọn, pàápàá bí o bá yà sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Bàbá kan lè dá ọ lóhùn bí ará Ọ̀yọ́.

Láti Kútọnu dé Lomé kò ní wàhálà púpọ̀. Táàsì máa ń kó èèyàn méjì sí ìjókòó iwájú, ẹ̀yìn ni kí o sá lọ. Tí o bá kọjá Hillacondji, bodè Benin àti Togo, dá aago rẹ padà ní wákàtí kan. Lomé fúnra rẹ̀ fara ti bodè Gánà, débi pé ẹsẹ̀ lo máa fi rìn wọ Aflao, ibẹ̀ ni o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí ìkòkò yẹn.

Ọkọ̀ Aflao máa ń já èrò sí Tudu ní Accra. Ní ọjà ibẹ̀, o máa rí àwọn ọmọbìnrin tó ń fi ọpọ́n irin ru ẹrù, kàyàyó ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ló wá láti àríwá. Bó bá ti rẹ̀ ọ́, níbẹ̀ yẹn, jẹ́ kí wọ́n bá ọ rù ú. Mo mọ ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n òṣùká lásán ló wà láàrin orí ọmọ yẹn àti ẹrù rẹ, má ná an títí. Sọ ibi tí ò ń lọ, fún un lówó tó dára, kí o sì mọ àwọ̀ ọpọ́n rẹ̀, torí wọ́n ń yára rìn.

Fi nọ́ńbà mọ́tò ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó gbéra ní Mile 2. Màmá rẹ pè mí lánàá, ó ní o sọ fún òun pé bàálù ni o máa wọ̀. Mi ò dá sí i. Ìwọ ni kí o lọ sọ òótọ́ fún wọn, kó o sì sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ tí o máa lọ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ