Àbẹ̀kẹ́, má dá oògùn yẹn dúró

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni Adó, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àtìgbà tí o ti sọ fún mi lórí fóònù ní Sátidé pé ẹsẹ̀ ẹ ò wú mọ́, pé o ti ń fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún ẹ torí kíndìnrín ẹ yẹn lọ́jọ́ mìíì, mi ò tíì sùn dáadáa, mi ò kàn fẹ́ pariwo mọ́ ẹ ni mo ṣe jókòó tẹ èyí sí ẹ, jọ̀ọ́ kà á tán.

Ohun tí bàbá ẹ sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. "Ara mi ti yá." O kéré nígbà yẹn. Dọ́kítà ní kíndìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, àwa méjèèjì ń mi orí, yẹs sà, yẹs sà, a gba ìwé oògùn a lọ sílé, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì yé ẹnì kankan nínú wa. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ fà, a rò pé ó ti tán. Èmi gan-an ni mo lọ ra àgbo fún un ní Ọjà Ọba, mò ń bù ú fún un láràárọ̀, mo rò pé mò ń tọ́jú ọkọ mi ni, mi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá kíndìnrín tó ń ṣàìsàn lè gbà á. Ìgbà tí a fi máa padà sọ́sìbítù, kí ẹ̀rọ máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bíi wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan, owó wa ò ká a. Ìyókù, o mọ̀ ọ́n.

Àìsàn yìí kì í dunni, Àbẹ̀kẹ́. Bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà ló ṣe ń jẹ kíndìnrín, òkè á máa dán. Nọ́ńbà ni kó o máa wò, má wo ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ eGFR sí lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ, tó ń sọ bí kíndìnrín ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, 42 ni tìẹ, 30 sí 59 ni wọ́n ń pè ní ìpele kẹta, tó bá ti wálẹ̀ débi tí kò tó 15 mọ́, ọ̀rọ̀ fífọ ẹ̀jẹ̀ ti dé nìyẹn. Oògùn yẹn ló ń dì í mú kó má tètè lọ sílẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú kíndìnrín jẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ikọ́ gbígbẹ tí o ní lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ yẹn, ń fà ló sú ẹ, sọ fún dọ́kítà, wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀ sí òmíràn. Tó bá jẹ́ owó, èmi ni kó o sọ fún, má tijú. Tí o bá sì ń wá oyún, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ kó tó dúró o, irú oògùn yẹn ò dáa fún ọmọ inú.

Inú tó máa ń run ẹ́ nígbà nǹkan oṣù ń kọ́? Má ra diclofenac tàbí ibuprofen mọ́ rárá, àwọn méjèèjì ń ba kíndìnrín jẹ́, tí o bá ti dé kẹ́mísì, sọ àìsàn ẹ kó o tó sọ ohun tó ń dùn ẹ́. Ọmọ Èkìtì ni wá, mi ò ní kó o má jẹ iyán, àfi tí àyẹ̀wò bá ní potassium, èròjà kan tó wà nínú iṣu, ti ga nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ, wọ́n á sọ bí wàá ṣe dín iṣu kù. Ọbẹ̀ ni kó o ṣọ́. Iyọ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ láti àárọ̀ dalẹ́, Magí sì wà nínú ìṣirò yẹn o.

Kó o tó dìde níwájú dọ́kítà, fi ẹnu ara ẹ sọ ohun tó ní kó o ṣe padà fún un, tí o bá ṣì í sọ, á tún un ṣe. Ká ní a ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá bàbá ẹ lọ.

Ọjọ́ tí o máa lọ rí àwọn dọ́kítà ní ọsibítù Ìdó, màá ti Ìfàkì wá bá ẹ níbẹ̀, mo fẹ́ bá ẹ wọlé, mo ti kọ ìbéèrè mi sínú ìwé. Ṣé o ti lo ti àárọ̀ yìí? Lò ó kó o tó pè mí.

Màámi ẹ