Ẹ jẹ́ kí a máa yẹ inú ọ̀pá epo wò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣe láti máa gbé epo bẹntiróò láti Atlas Cove ní Èkó lọ sí Mosimi nítòsí Ṣàgámù, Ìbàdàn àti Ìlọrin. Nígbàkigbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ààbò wọn, ọ̀rọ̀ olè àti ẹ̀ṣọ́ nìkan ni a máa ń sọ. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ wẹ́dà páìpù mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lè rí ìpáàrà tó ń jẹ irin lábẹ́ ilẹ̀.

Ẹ̀rọ tó lè rí i wà. Pig ni àwọn òṣìṣẹ́ epo ń pè é. Wọ́n á tì í bọ ẹnu ọ̀pá, epo fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa gbé e lọ. Òòfà alágbára wà lára rẹ̀: níbi tí irin bá ti fẹ́lẹ́, agbára òòfà náà á jò síta, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ibi tó ti gbéra. Ihò tí àwọn olè lu láti fa epo pàápàá lè hàn nínú àkọsílẹ̀ yìí.

A ti rí ohun tí àìlò ó ń fà. Ní Prudhoe Bay, ní Alaska, lóṣù Kẹta ọdún 2006, epo rọ̀bì tó lé ní 200,000 gálọ́ọ̀nù tú jáde láti inú ọ̀pá ilé-iṣẹ́ BP kan tí ìpáàrà ti jẹ, tí wọn kò sì tíì rán irú ẹ̀rọ yìí gba inú rẹ̀ láti ọdún 1998.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ nìkan kò tó; àkọsílẹ̀ nípa ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ tọ̀nà pẹ̀lú. Ní San Bruno, ní California, lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, ọ̀pá gáàsì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ́dún 1956 bú gbàmù, ènìyàn 8 sì kú. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin náà pọ̀ kò dára, bẹ́ẹ̀ ìwé ilé-iṣẹ́ tó ni ín sọ pé ọ̀pá náà kò ní ojú ìjó rárá! Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọ egungun, nítorí pé bí àkọsílẹ̀ bá ti ṣì, ìṣirò iye ọdún tí ọ̀pá ṣì lè lò yóò ṣì pẹ̀lú.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àjọ NMDPRA, tó ń mójú tó àwọn ọ̀pá wọ̀nyí, pé kí wọ́n kéde ọjọ́ tí ẹ̀rọ gba inú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn, àwọn ibi tó fi hàn pé irin ti fẹ́lẹ́, àti èyí tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì tún ṣe. Àwọn ará Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí iná ọ̀pá epo ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ní ẹ̀tọ́ láti ka ìkéde bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá, ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Wẹ́dà páìpù kan,
Ṣàgámù