Ẹ Bá Wa Béèrè Ohun Tí Iná Náà Lè Gbé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Báńkì Àgbáyé àti Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ti ṣèlérí iná mànàmáná fún 300 mílíọ̀nù èèyàn ní Áfíríkà, ó pẹ́ tán ní 2030. Ó dára. Àmọ́ iye ilé tí wáyà dé nìkan ni ìwé ìròyìn máa ń kà. Nínú ìlànà onípele márùn-ún tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2015, ilé tó ń rí wáàtì 3 péré fún wákàtí 4 lójúmọ́ ti wọ ìpele kìíní. Gílóòbù kékeré àti fóònù nìyẹn. Ìpele karùn-ún ń fẹ́ kílówáàtì 2, fún wákàtí 23. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti níná lórí ìwé, kò sì lè fi pawó.

Ẹ wo abúlé tí gbogbo àdúgbò ti jọ ń lo iná sólà kan ṣoṣo, tí ẹnì kan sì ní ẹ̀rọ ìlọta tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 2.2. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, iná tó ń fà lè tó ìlọ́po 5 sí 7 èyí tó ń lò tó bá ti ń yí dáadáa. Ínfátà kílówáàtì 5 tí wọ́n rà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná sólà di irú iná tí mọ́tò ń lò, torí pé 5 ṣáà ju 2.2 lọ, á gé lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àdúgbò á ṣókùnkùn, wọ́n á ní sólà ò lágbára. Sólà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń darí eré mọ́tò, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní VFD, ni wọn ò fi sí i; òun ló ń jẹ́ kí mọ́tò gbéra díẹ̀díẹ̀. Wáyà tín-ín-rín tó gùn jù náà ń ṣọṣẹ́: fóltéèjì á ti lọ sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nípẹ̀kun, mọ́tò á máa kùn láì yí, á gbóná, á sì jó.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Láago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, iná lè ti orí páànẹ́lì bọ́ sínú ẹ̀rọ tààrà. Èyí tó bá gba inú bátìrì olójé kọjá lè pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí yúníìtì ọ̀sán dínwó ju ti alẹ́ lọ. Ní ti omi, ọ̀sán ni kí wọ́n fà á sínú táńkì. Kò sí bátìrì tó rọ̀ lówó jùyẹn lọ.

Bátìrì olójé tí wọ́n ń lò kọjá ìdajì lójoojúmọ́ kì í pẹ́. Omi kànga tí wọ́n ń bù sí i dípò ojúlówó omi bátìrì tún ń pa á, torí èròjà inú omi náà ń ba òjé jẹ́. Tí owó bátìrì tuntun ò bá sí nínú owó yúníìtì láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó bá kú ni iná ìlú náà kú.

Ibi tí ìdọ́gba ti wọ̀ ọ́ rèé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìjọba ń bá ará ìlú ńlá san lára owó iná, wọ́n wá ní kí ará oko san gbogbo tirẹ̀ tán. Ẹni tó sì ń fi ẹ́ńjìnnì oníepo ṣiṣẹ́ nílò ẹ̀yáwó tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀ kó tó lè ra mọ́tò oníná. Láìṣe bẹ́ẹ̀, èéfín ni yóò máa bá yí.

Tí akọ̀ròyìn yín bá tún lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí iná tuntun, ẹ ní kó béèrè kílówáàtì tí oníbàárà kan lè fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì béèrè ọwọ́ ẹni tí owó bátìrì wà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, oníṣẹ́ iná sólà.