Àlàbí, Bí O Bá Ń Lọ sí Bódìjà

Àlàbí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìdágbé. Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú, tí o ń ṣàròyé pé owó tí o kó lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn kò ra nǹkan gidi kan, àti pé ìdajì tòmátì tí o rà ni ó ti bàjẹ́ kí o tó délé, mo jókòó, mo rò ó, mo sì rí i pé ọwọ́ mi ni ẹ̀bi wà. Láti ọdún 1988 ni mo ti ń pàtẹ ní ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, títí iná fi jó ọjà náà ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Ata àti ẹ̀fọ́ ni mo fi rán ọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, síbẹ̀ n kò kọ́ ọ bí a ti ń ra ọjà, nítorí pé bí o bá ti dé ìsọ̀, owó oúnjẹ ni o wá gbà, o ti ń sáré lọ.

O sọ pé o ná ọjà náà dáadáa, pé wọ́n dín owó fún ọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà tí ó tètè dín owó fún ọ ti mọ ohun tí yóò bù sí i fún ọ. Kí o tó la ẹnu, ojú àti ọwọ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ lò.

Jẹ́ kí n ti orí tòmátì bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí o ń rí ní Ìbàdàn, láti Kano, Kaduna àti Katsina ni ó ti ń bọ̀, nínú agbọ̀n tí wọ́n tò léra wọn sínú ọkọ̀ ẹrù, tí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ sì ti ru ẹrù gbogbo agbọ̀n láti òkè Ọya wá síbí. Bí a bá da agbọ̀n kan sílẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni a máa ń ṣà á sí: èyí tí ó ṣì le, èyí tí ó ti rọ̀ ṣùgbọ́n tí awọ rẹ̀ kò tíì bẹ́, àti èyí tí ó ti bẹ́ tí omi ń jáde lára rẹ̀. Nígbà tí a bá wá ń tò ó sínú àwo, díẹ̀díẹ̀ ni a ń pò wọ́n, àwọn líle ni a fi ń bo ojú àwo, a ó sì da ojú ibi tí ó ti bẹ́ délẹ̀ kí oníbàárà má baà rí i. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ṣe é. N kò pè é ní ìrẹ́jẹ nígbà náà. Ìpàtẹ ni mo ń pè é. Nítorí náà, ti ọwọ́ rẹ bọ abẹ́ àwo. Bí ìyá ọlọ́jà bá ní kí o má fọwọ́ tẹ ọjà òun mọ́, rẹ́rìn-ín, kí o sọ pé, “Ẹ má bínú, Ìyá, ẹ jẹ́ kí n rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.” Bí kò bá gbà, kí i, kí o sì kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Ó tún ní àsìkò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tòmátì òkè Ọya máa ń pọ̀. Bí òjò bá ti dé, yóò wọ́n, yóò sì máa tètè bàjẹ́. Ní ọdún 2016 tí kòkòrò run oko tòmátì ní Kaduna, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, apá wa kò ká agbọ̀n kan mọ́. Tàtàṣé àti àlùbọ́sà ni mo fi ń se ọbẹ̀ nílé nígbà náà, o jẹ ẹ́, o sì bu àbùkún, o kò bi mí léèrè kankan. Nígbà òjò, wá tòmátì ìbílẹ̀ tiwa, èyí tí ara rẹ̀ rí kókókó bí ẹni pé wọ́n so ó ní okùn káàkiri. Ó kan díẹ̀, kò sì lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n bí o bá bọ̀ ọ́ kí o tó lọ̀ ọ́, tí o sì din ín pẹ́, ọbẹ̀ rẹ̀ dùn.

Ní ti ẹ̀fọ́, igi rẹ̀ ni kí o wò, má wo ewé nìkan, nítorí omi tí a ń wọ́n sí i láti òwúrọ̀ lè mú kí ewé àná máa dán. Mú igi tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ kan, kí o ṣẹ́ ẹ. Bí ó bá dún pọ́, tí ó sì já lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Bí ó bá tẹ̀ tí kò já, tí ó ń fa okùn, fi í sílẹ̀. Èyí tí ó ti ń so èso lórí ti gbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilá: ṣẹ́ ṣóńṣó orí rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ọlọ́jà yóò kùn díẹ̀, kò burú. Ihò kéékèèké tí kòkòrò jẹ sára ewé kì í bà mí lẹ́rù. Ewé tí kòkòrò kankan kò fẹ́ fẹnu kàn ni mo máa ń bi ara mi léèrè ohun tí wọ́n fín sí i. Ṣùgbọ́n bí o bá mọ̀ pé etí odò tí omi gọ́tà ìgboro ń ṣàn wọ̀ ni wọ́n ti ń bu omi rin ín, má rà á, bí ó ti wù kí ó tutù tó.

Iṣu kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbé e, kí o mọ̀ bóyá ó wúwo ju bí ó ti tóbi lọ, tẹ orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, má sì fi iṣu tuntun tí ó kọ́kọ́ jáde gún iyán, nítorí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí o ṣọ́ra fún jù. Àwọn kan ń fi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní kábáìdì mú un pọ́n, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ léraléra pé ó léwu fún ara. Bí gbogbo ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú láìní àmì dúdú kankan, tí ọrùn rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí o bó o tí inú rẹ̀ le, má jẹ ẹ́. Ra èyí tí kò tíì pọ́n, kí o gbé e sílé, yóò pọ́n fúnra rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ ṣa èyí tí ó dára jù, àárọ̀ kùtùkùtù ni kí o lọ. Bí owó kò bá tó, lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹni tí ó ní ewédú àti ata tí kò ní dúró di ọ̀la bá ń wá bí yóò ti tà á lọ. Lóṣù, wá ọjọ́ kan lọ sí ọjà ọrọọrún ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká. Rántí pé bí wọ́n bá ná an lónìí, òní ni a óò kà ní ọjọ́ kìíní nínú márùn-ún, kí o má baà lọ bá ọjà tó ṣófo. Níbẹ̀ ni obìnrin tí ó gbin ẹ̀fọ́ yóò ti fúnra rẹ̀ bù ú fún ọ, amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Má ná ẹ̀fọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ń ná ilẹ̀.

Ní Bódìjà, mú ẹnì kan fún ata, ẹnì kan fún ẹ̀fọ́, kí o sì máa padà sọ́dọ̀ wọn. Kí wọn kí o tó béèrè iye: “Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá.” Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọn yóò ti mọ̀ ọ́, ènì rẹ yóò pọ̀ sí i, wọn yóò sì máa sọ fún ọ pé, “Ọmọ mi, tòní ò dáa, má rà á.” Ìyẹn kò sí nínú ọjà nínà.

Mo fi kóńgò mi rán awakọ̀ tí ń ná Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn sí ọ. Ilé ni kóńgò náà wà lọ́jọ́ tí iná jó ọjà. Bí o bá ń ra gàrí tàbí ẹ̀wà, máa ki ọwọ́ bọ inú kóńgò wọn kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, nítorí wọ́n máa ń lu ìdí rẹ̀ wọnú; bí o kò bá fọkàn tán an, fi èyí wọ̀n ọ́n wò. Ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Àná ni mo gbé e tọ alágbẹ̀dẹ lọ pé kí ó bá mi lù ú padà.

Èmi ni ìyá rẹ.