Wọn Ò Lé Wa Nílé: Èsì Mi Lórí Àwọn Àgbà Tó Ń Lọ Ṣe Míṣọ́nnárì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n fèsì sí lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti Iléṣà, èyí tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó ní àgbàlagbà tí ìjọ bá rán lọ sílẹ̀ òkèèrè, àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ó ní ìyá tó bímọ tó yàn tó yanjú kì í kó ẹrù lọ máa sin ẹni ẹlẹ́ni nílẹ̀ onílẹ̀. Èmi gan-an ló ń bá wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé oorun kò kùn mí lọ́jọ́ tí mo kà á.

Ẹni ọdún 67 ni mí, ọkọ mi ti pé 71. Parakin ní Ilé-Ifẹ̀ níbí là ń gbé. Ọdún 33 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni ọkọ mi ṣe jẹun. Ọmọ mẹ́rin la bí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ní oṣù kejì ọdún 2023, a ti ilẹ̀kùn ilé wa, a kó kọ́kọ́rọ́ fún àbúrò ọkọ mi, a lọ sí Freetown ní Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Oṣù 18 la lò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya àgbà tó ń ṣe míṣọ́nnárì fún Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn.

Kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gún mi jù. Ìjọ wa kì í sanwó oṣù fún míṣọ́nnárì. Tọkọtaya àgbà tó bá fẹ́ lọ ló máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀: owó ilé ni o, oúnjẹ ni o, oògùn ni o. Wọ́n lè lọ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì lè lò tó oṣù 23. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ọmọ wa jókòó ní pálọ̀, wọ́n pín in láàárín ara wọn. Àkọ́bí gba owó ilé, ìkejì gba owó bàálù, àwọn méjì tó kù ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ ní ìparí oṣù. Àbíkẹ́yìn wa, tí kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ ìjọ wa, kò jẹ́ kí ti oṣù kankan yẹ̀. Ṣé ọmọ tó kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn?

Pápá ọkọ̀ òfúrufú wọn wà ní Lungi, omi ló sì pín in níyà sí Freetown. Bí a ṣe sọ̀ nínú bàálù ni wọ́n ní ká wọ ọkọ̀ ojú omi, ilẹ̀ sì ti ṣú. Odò Ọ̀pá ni odò tí mo mọ̀ láti kékeré. Mo di apá ọkọ mi mú títí a fi gúnlẹ̀, Sáàmù 121 ni mo ń kà lábẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo jáde lọ ra búrẹ́dì, obìnrin kan kí mi pé, "Kushe o!" Kú iṣẹ́ ni etí mi gbọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin náà ẹ kú iṣẹ́." Ó wò mí tìyanutìyanu, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀lẹ̀lẹ̀, àkàrà ni wọ́n ń pe àkàrà, wọ́n ń ṣe komojade fún ọmọ tuntun, wọ́n ń ṣe awujoh nítorí òkú. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, ibẹ̀ ni wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sọ Àjàyí ọmọ Òṣogùn kalẹ̀ sí ní 1822, ẹni tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ onílẹ̀ ni mo lọ, kò rí i bẹ́ẹ̀ lára mi rárá.

Iṣẹ́ wa ńkọ́? Bí wọ́n bá ti ní míṣọ́nnárì, orí pẹpẹ ni ọkàn àwọn èèyàn ń lọ. Mi ò wàásù ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní gbogbo oṣù 18 náà. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, méjì méjì, àwọn ọmọ ọdún 18, 19, 20, tàwọn ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì àti báàjì dúdú láyà. Àwa là ń tọ́jú ibi tí wọ́n ń sùn. Ilé 14 ni wọ́n fi sábẹ́ wa. Láàárọ̀, bí a bá ti gbàdúrà, tí a ti ka ìwé mímọ́, tí mo ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi, tí òun náà sì ti dúró tì mí títí mo fi lo oògùn tèmi, a ó gbé àpò, ó di òkè. Ìlú olókè ni Freetown. Ilé kan wà tí mo ka àtẹ̀gùn rẹ̀, 86 ni.

Ọkọ mi á yẹ wáyà wò, á fọwọ́ kan ara sókẹ́ẹ̀tì bóyá ó ń gbóná, á rí i dájú pé jẹnẹrétọ̀ kò sí nítòsí fèrèsé. Èmi á ṣí ìkòkò. Mo máa ń wo àpò ìrẹsì wọn, nítorí ọmọkùnrin tí ìrẹsì rẹ̀ kò bá dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan ń ṣe é. Mo máa ń wo fílítà omi, mo sì máa ń wo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Orí nẹ́ẹ̀tì la ti máa ń fa ọ̀rọ̀ jù, wọ́n á ní ooru ń mú àwọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ẹ̀rọ kì í yọ ládùúgbò púpọ̀, àwọn ọmọdé ló ń ru kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ òféèfé gun òkè. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí a ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ kò ju pé a wá ẹni tó máa pọn omi lọ sí ilé mẹ́ta. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni mo kà á sí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣì kà á sí dòní.

Oṣù karùn-ún 2023 ni ìjì wó igi ńlá àárín ìlú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Cotton Tree. Àràbà ni lójú tèmi. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ẹrú tó gbòmìnira kóra jọ sí láti dúpẹ́ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ní 1792. Mo rí àwọn àgbàlagbà tó ń sunkún lójú títì. A máa ń sọ nílé pé àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé sẹ́nu lọ́jọ́ yẹn.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìdá. (Òjò Freetown kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò Ifẹ̀. Oṣù kẹjọ náà ni òkè ya lulẹ̀ ní Regent lọ́dún 2017, tí èèyàn tó kú tàbí tó sọnù níbẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan.) A dé ilé kẹsàn-án, ọmọkùnrin kan kò dìde kí wa. Ọmọ ilẹ̀ Ghana ni. Ẹnìkejì rẹ̀ ní ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn ọrùn, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Mo gún un níka, mo kán ẹ̀jẹ̀ sójú ike àyẹ̀wò ibà, a jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 15. Ìlà kejì, tó ń sọ pé ibà wà lára, kọ́kọ́ yọ fírífírí, lẹ́yìn náà ló wá hàn gbangba. Nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ńkọ́? Ó ti ṣẹ́ ẹ po, ó fi ṣe ìrọ̀rí.

A gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta, wọ́n ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn kì í fẹ́ inú òfìfo, oúnjẹ tó lọ́ràá díẹ̀ ló ń bá a lọ, ọmọ náà sì ń bì. A mú un lọ sọ́dọ̀ wa. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí mo fi epo sí dáadáa ni mo ń fún un, ṣíbí kan, ká sinmi, ṣíbí kejì. Orí àga ní pálọ̀ ni ọkọ mi sùn kó lè gbọ́ bó bá pè lóru. Ní alẹ́ kejì, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe ara ríro. Ó ní màmá òun kò mọ̀ pé ara òun kò yá. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń pe ilé, ọjọ́rú sì ni. Mo gbé fóònù mi fún un, mo ní kó pe ìyá rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan láti Nàìjíríà ló jókòó ti ọmọ òun, ó ní kó gbé mi fún òun. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. "Mama, Mama" ló ṣáà ń pè, èmi náà ń dá a lóhùn. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì tó lè gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù kọkànlá 2023, ìró ìbọn ló jí wa. Àwọn agbébọn kọlu bárékè Wilberforce, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Pademba Road, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìsìn kò ṣeé ṣe. Ọkọ mi ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wa, ó ń pe nọ́ńbà, èmi ń fàlà sórúkọ. Ilé kìíní, wọ́n wà. Ilé kejì, wọ́n wà. Ilé kọkànlá kò gbé e. A tún pè é, kò wọlé. Fún ogójì ìṣẹ́jú tí a fi ń pè wọ́n, ọmọ tèmi tí mo bí ni mo ń rí lójú. Àṣé iná ni kò sí, fóònù wọn ti kú, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n rí ibi fi sí i ló tó wọlé. Ọmọ 28 ló wà nínú ìwé wa, mo fàlà sí 28.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé kò ná wa ní nǹkan. Nínú oṣù kejì 2024, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó tọ́ mi dàgbà kú ní Ifẹ̀ níbí. Àwọn olórí wa ní mo lè lọ sílé. Owó bàálù òjijì ni kò sí, mi ò sì fẹ́ tún di ẹrù míì lé àwọn ọmọ lórí. Orí WhatsApp ni mo ti wo ìsìnkú náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ da erùpẹ̀, àwòrán dúró gbagidi, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó gbé ṣọ́bìrì sókè ni mo ń wò títí ó fi já. Ó ṣì ń dùn mí. Bí ọjọ́ bá lè yí padà, màá yá owó, màá wá. Ibi òkú yẹn gan-an ni àwọn kan ti sọ ọ́ sétí àwọn ọmọ mi pé wọ́n lé ìyá wọn kúrò nílé. Àkọ́bí mi kò fẹnu kan nǹkan níbẹ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì mi náà dúró fún oṣù márùn-ún, nítorí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nígbà tí mi ò sí nílé. Àwọn tó ń bójú tó o kò gba ipè fóònù, wọn kò gba lẹ́tà, àfi kí n wá fara hàn pé mo wà láàyè. Àgbà tó bá ń gbèrò láti lọ, kó ti yanjú èyí kó tó gbéra. Kó sì kó oògùn tó máa lò fún oṣù mẹ́ta sínú báàgì tó máa gbé lọ́wọ́, kó má fi sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù.

Òǹkàwé yín láti Iléṣà tún ní ọ̀dọ́ ló ni iṣẹ́ míṣọ́nnárì. Ní oṣù kọkànlá 1978, tọkọtaya àgbà méjì láti Amẹ́ríkà ni ìjọ wa rán wá sí Nàìjíríà: Rendell Mabey àti Rachel ìyàwó rẹ̀, Edwin Cannon àti Janath ìyàwó rẹ̀. Àwọn ni wọ́n wá ṣe ìrìbọmi fún Anthony Obinna àti àwọn èèyàn rẹ̀ nílẹ̀ Ìgbò, èèyàn 19 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iléṣà tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé ńkọ́? Àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì ló dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ níbẹ̀. Káàdì tí àwa nọ́ọ̀sì fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìwọ̀n ọmọdé lóṣooṣù, Ìmẹ̀sí-Ilé ni Dókítà David Morley ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ nígbà tó ń bá Wesley Guild ṣiṣẹ́ ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, ó sì ti kárí ayé. Gbígbé ọmọ sórí ìwọ̀n, fífi àmì sí káàdì, bíbi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó jẹ lánàá: irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe nídìí àpò ìrẹsì àwọn ọmọ yẹn nìyẹn.

A ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kejì. Oṣù 12 la béèrè fún báyìí, a kò sì tíì mọ ibi tí wọ́n máa rán wa lọ. Àwọn ọmọ ti tún pé jọ ní pálọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbíkẹ́yìn ní òun ló máa san owó ilé lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ní kò sóhun tó jọ ọ́, òun lòun ń san án bọ̀. Wọn ò tíì parí rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Tóyìn,
Parakin, Ilé-Ifẹ̀.