Omi Tí Ẹnìkan Kò Pọn

Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Òtútù Kánádà ńkọ́? Ìkọ́kọrẹ́ tí ò ń tìtorí ẹ̀ sunkún lórí fóònù, mo jẹ ẹ́ lánàá, mo jẹ tìrẹ mọ́ ọn.

O bèèrè ibi tí a bá eré àwọn ọmọ àdúgbò dé. A ti ń ṣe rìhásà. Ọmọbìnrin kan ló ń ṣe ìyálé tó pọnmi bọ̀ láti odò. Kò sí ìkòkò, kò sí omi. Ṣùgbọ́n o ò rí i bó ṣe fọwọ́ kan gbá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò mú, tó na ọrùn gan-an, tó ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà torí kò lè wolẹ̀. Ó kọsẹ̀, ó kígbe pé, "Yéè, omi mi!" Nígbà tó yá, ọmọkùnrin tó ń ṣe bàálé wọlé. Bó ṣe dé ibi tí omi dà sí, ó ká ṣòkòtò sókè, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ o! Ìyá kan tó wá mú ọmọ ẹ̀ lọlé ní kí wọ́n wá àkísà nu ún.

Akápò wa ní ká ra ìkòkò gidi. Mo ní rárá. Ìkòkò tí ọmọ bá ń ṣọ́ kó má fọ́, ibo ló ti máa ráyè ronú omi? Ó ní ahun ló ń dà mí láàmú. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Eré ẹkùn mẹ́ran la fi ń bẹ̀rẹ̀ rìhásà báyìí. Ṣé o rántí? Ọwọ́ méjì tó ká kò náà lẹkùn ní, síbẹ̀ igbe tí ò ń ké nígbà tí a bá fi ọ́ ṣe ewúrẹ́ kì í ṣe igbe ẹ̀tàn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Hubert Ògúńdé, àgbà òṣèré orí ìtàgé, ọmọ Ọ̀sọ́sà níbí, fún àwọn ọmọ náà. Ọlọ́pàá ni kó tó fi eré ṣe iṣẹ́ jẹun. Ọdún 1945 ló dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó ṣe eré Yorùbá Ronú lọ́dún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ náà, ó di 1966 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ta ní í fòfin de eré lásán? Àwọn ọmọ náà dákẹ́, ọ̀kan wá bèèrè bóyá wọ́n lè fòfin de tiwa náà. Inú ẹ̀ ń dùn sí i!

Jọ̀ọ́, bí ìyá rẹ àgbà ṣe máa ń lé orin ẹkùn mẹ́ran, kọ ọ́ sórí WhatsApp kí o fi ohùn ẹ̀ ránṣẹ́. Ègbè tiwa kò délẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ