Ẹ̀sùn Lórí Ìdérí Rọ́bà Tó Wà Nínú Páálí Bíríídà Tí Ẹ Tà Fún Mi

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo kí yín o. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ra páálí bíríídà alùpùpù, ìyẹn àwọn ohun èlò tí èéfín inú ẹ́ńjìnì ń gbà jáde, lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti bá àwọn òṣìṣẹ́ yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù nítorí pé ẹ́ńjìnì mi ń gbọ̀n, ó sì ń kú lójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì ní ẹ̀bi kò sí lára ọjà yín. Mo ti wá rí ohun tó fà á. Ìdérí rọ́bà kékeré kan ni, kò tó orí àtàǹpàkò, inú páálí yín ló sì ti wá. Mo kọ ìwé yìí kí ọ̀rọ̀ náà lè dé ọwọ́ ẹni tó lè tún un ṣe.

Oní-pístìn kan ni alùpùpù mi, kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ ló ń lò. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gùn ún, mo sì mọ ohùn rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀. Kò ṣàìsàn kankan kí n tó ra ọjà yín. Ohun tó jẹ́ kí n rà á ni pé ọ́ìlì máa ń bá èéfín inú ẹ́ńjìnì wọ àpótí fíltà, fíltà a sì tètè dọ̀tí. Ẹ mọ bó ṣe ń rí: bí pístìn bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti afẹ́fẹ́ ikùn ẹ́ńjìnì síwájú, gáàsì tó sì yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì kọjá ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá rọ́nà jáde, yóò máa ti ọ́ìlì gba ojú gáàsíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ṣe alùpùpù náà fi hóòsì darí rẹ̀ padà sínú àpótí fíltà kí ẹ́ńjìnì lè fà á mu, kó sì jó o. Ẹ̀yin ní ká yọ hóòsì yẹn, ká fi tiyín rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú fáàfù ọlọ́nà kan àti fíltà kékeré lórí. Apá ibẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Fáàfù náà ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì kò sì jò níbì kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni àwọn ihò tí ẹ ní ká dí. Ìdérí ńlá kan wà fún ihò ara àpótí fíltà. Ìdérí kékeré méjì sì wà, ọ̀kan fún lílò, èkejì fún ìpamọ́. Èyí kékeré ni a fi ń dí ẹnu tó yọ lára rọ́bà ọrùn tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, nítorí pé páálí yín tún ní ká yọ fáàfù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí sàláńsà, ẹnu yẹn sì ni hóòsì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ohun tí ìwé ìlànà yín sọ nípa rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ dí gbogbo ihò tó bá ṣí sílẹ̀." Ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé ihò kan ò yàtọ̀ sí ìkejì.

Ó yàtọ̀ púpọ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ihò àpótí fíltà wọlé lè kó eruku dání, ṣùgbọ́n kabúrétọ̀ ló ṣì máa gbà kọjá, epo yóò sì tẹ̀ lé e. Èyí tó bá gba ẹ̀yìn kabúrétọ̀ wọlé kò bá epo kankan pàdé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ìwọ̀n 14.7 afẹ́fẹ́ sí ìwọ̀n 1 epo, bí a bá fi wíwúwo wọ̀n ọ́n, ni bẹntiróòlù nílò láti jó tán. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà lórí sìlóò, tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan láìsáré, túrọ́tù tó ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé pátápátá, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò pọ̀ rárá, ẹ́ńjìnì sì ń fà gidigidi ní ọrùn yẹn. Ihò bí ojú abẹ́rẹ́ níbẹ̀ ti tó láti da gbogbo rẹ̀ rú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí mo de ọjà yín mọ́ ọn ló bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, ó di dandan kí n fa ṣóòkù, tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀, pẹ́ kó tó lè dúró. Bí mo bá dúró ní oríta, á máa gbọ̀n jìgìjìgì, ohùn rẹ̀ á lọ sókè fúnra rẹ̀, á wá kú lójijì. Bí mo bá dẹwọ́ túrọ́tù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, sàláńsà á máa dún pó! pó! pó! Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí túrọ́tù lójú ọ̀nà tó gùn, á máa sáré bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìyẹn ló ṣì mí lọ́nà, nítorí pé tí afẹ́fẹ́ púpọ̀ bá ti ń wọlé, èyí tó ń jò wọlé kò já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo pè yín. Ẹni tó gbé fóònù ní kí n ra jẹ́ẹ̀tì ńlá (ojú ihò tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀) tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rà á, mo sì fi sí i. Èéfín dúdú ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí mo bá ń sáré, epo ń tètè tán, ẹ́ńjìnì sì ń kú ní oríta síbẹ̀síbẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì ńlá kì í ṣiṣẹ́ àyàfi tí túrọ́tù bá ṣí gan-an. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń bọ́ ẹ́ńjìnì lórí sìlóò. Ó yẹ kí ẹni tó ń tà ọjà báyìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ní kí n máa pa lápálápá. Nígbà kejì wọ́n ní púlọ́ọ̀gì ni. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta wọ́n ní fáàfù ẹ́ńjìnì ni kí n tún ṣe. Mẹkáníìkì mi tú u, ó wọn àlàfo wọn, gbogbo rẹ̀ ló pé.

Mo dá jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tán, mo fa ṣóòkù díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ tò. Mo ti wá mọ̀ pé epo kò tó, tàbí afẹ́fẹ́ ń pọ̀ jù. Mo po ọṣẹ pọ̀ mọ́ omi nínú ìgò tí a fi ń fín nǹkan, mo sì ń fín in yí ọrùn kabúrétọ̀ ká. Nígbà tó kan ìdérí kékeré yín, ìfófòó náà wọlé fìrì, ohùn ẹ́ńjìnì sì yí padà. Mo yọ ìdérí náà. Ó ti là ní ẹ̀gbẹ́, ó sì ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Mo fi ìka dí ẹnu ihò náà, ẹ́ńjìnì sì dákẹ́ gbígbọ̀n bí ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n.

N kò fẹ́ fi ẹnu lásán sọ ọ́, nítorí náà mo rẹ ìdérí ìpamọ́ sínú bẹntiróòlù di ọjọ́ kejì, mo sì gé hóòsì epo kékeré kan sínú ife kan náà. Hóòsì kò yí padà. Ìdérí yín wú, ó rọ̀, ó sì ya nígbà tí mo fà á. Rọ́bà tí bẹntiróòlù lè jẹ ni ẹ ní ká fi dí ibi tí oru bẹntiróòlù kì í kúrò.

Ohun tó dùn mí jù ni iye ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń gùn ún bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí epo rẹ̀ kò tó máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè jó fáàfù, ó sì lè dá ihò sí pístìn lára. Púlọ́ọ̀gì tí mo kọ́kọ́ yọ funfun bí ẹfun. Ó sì tó ìgbà méjì tí ó kú mọ́ mi lábẹ́ ní oríta tí ọkọ̀ akẹ́rù wà lẹ́yìn mi.

Mo fẹ́ kí ẹ dá owó páálí náà padà, pẹ̀lú owó jẹ́ẹ̀tì, púlọ́ọ̀gì méjèèjì àti iṣẹ́ mẹkáníìkì. Rìsíìtì gbogbo wọn wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi rọ́bà tí epo kò lè jẹ rọ́pò ìdérí yẹn, kí ẹ fi kílíìpù sí i, kí ẹ sì ya àwòrán ihò tó wà ṣáájú kabúrétọ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sínú ìwé ìlànà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kò gbà kí èéfín ikùn ẹ́ńjìnì máa dà sí ìta. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rà á. Èyí tó ká mi lára jù ni àwọn tó ti ra tiwọn. Ẹ fi tó wọn létí kí wọ́n yọ ìdérí náà lónìí, kí wọ́n sì fi èyí tí epo kò lè jẹ rọ́pò rẹ̀.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ni màá gbé e lọ bá. Àwòrán wà nínú ìwé yìí. Ìdérí méjèèjì wà lọ́wọ́ mi nínú ọ̀rá, mo sì ṣe tán láti fi wọ́n ránṣẹ́ bí àwọn tó ń ṣe ọjà yín bá fẹ́ fojú ara wọn rí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín.